Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ jókòó ti onílù? Ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n èèyàn àti ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí

Ọmọ_Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé bí, ó ti ń gba oorun lójú mi. Mo ń ṣe máàsítáàsì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílùú wa níbí, iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé ni kí ẹ̀rọ máa gbọ́ Yorùbá kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bá a ṣe sọ ọ́. Mo ti gba ohùn sílẹ̀ lọ́jà Tákíé, mo ti gbà á ní gáréèjì, mo ti gbà á lẹ́nu ìyá mi àgbà. Mọ́dẹ́lì tí mo ń lò, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nǹkan látinú àpẹẹrẹ, ò burú, lẹ́tà tó ń kọ máa ń jọ ohun téèyàn sọ, àmì ohùn ló ń dà á láàmú. Ìyá kan tó ń ta igbá sọ pé "Ìgbà tí mo ra igba igbá yẹn, owó ò tíì wọ́n báyìí." Ohun tí ẹ̀rọ kọ ni "igba ti mo ra igba igba yen". Mo wò ó títí. Ìgbà, igba, igbá, mẹ́ta lórí ìlà kan, ó sọ gbogbo wọn di ọ̀kan.

Mo gbé e lọ bá súpáfáísọ̀ mi, mo rò pé á ní kí n lọ wá dátà sí i ni. Ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà tì fún oṣù kan, kí n lọ bá àwọn tó ń kọ́ líńgúísítíìkì (ìmọ̀ èdè), kí n bá ẹni tó mọ saikọ́lọ́jì (ìmọ̀ bí èèyàn ṣe ń ronú) sọ̀rọ̀, kí n tún lọ jókòó ti àwọn onílù l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó ní, "O ò tíì mọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ, o wá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ." Àwọn ẹgbẹ́ mi ní wọ́n fẹ́ fi àkókò mi ṣòfò ni, pé ọdún méjì ni máàsítáàsì, kì í ṣe ogún ọdún.

Èmi náà lọ kàwé sí i, mo dẹ̀ rí i pé ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1943, Warren McCulloch tó jẹ́ dókítà tó ń wádìí ọpọlọ, àti Walter Pitts tó mọ ìṣirò, ni wọ́n jọ jókòó tí wọ́n fi ìṣirò ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe lè máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí Alan Turing béèrè lọ́dún 1950 pé ṣé ẹ̀rọ lè ronú, inú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onísaikọ́lọ́jì àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ń kà ló gbé ìbéèrè ọ̀hún sí. Frank Rosenblatt tó gbé perceptron, ẹ̀rọ tó ń kọ́ nǹkan bíi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, jáde ní 1958, onísaikọ́lọ́jì ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́dẹ́lì tá à ń lò lónìí, ìdílé perceptron yẹn ni wọ́n ti wá.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ súpáfáísọ̀ àbí kí n gbọ́ tàwọn ẹgbẹ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tọkàntọkàn.

Ẹnjiníà_UnderG (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní fi bò fún ẹ, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ló tọ̀nà. Katakata ò di ọkọ́ mú, kì í bẹ̀rẹ̀, kì í làágùn, ó dẹ̀ ń ro oko tí ogún ọkùnrin ò lè ro. Ẹni tó ṣe katakata ò kọ́kọ́ lọ wádìí bí ẹ̀yìn ṣe ń dun àgbẹ̀. Deep Blue tó na Garry Kasparov ní ṣẹ́ẹ̀sì lọ́dún 1997, nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ipò ló ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kò sí èèyàn kankan tó ń ronú báyẹn, ó ṣáà borí. Dátà lo nílò, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó lágbára. Wá ẹgbẹ̀rún wákàtí ohùn, jẹ́ kí wọ́n fi àmì sí i dáadáa, wàá rí i pé igba àti igbá á yà sọ́tọ̀ fúnra wọn. Mi ò kórìíra ìlù o, tí wọ́n bá ń lu dùndún mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n sẹ́mẹ́sítà tó bá lọ ò kí ń padà.

Bàbá_Ọlọ́pọ́n (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ pípé. Mo ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì, ayò ni mo ń ta báyìí lábẹ́ igi nítòsí ilé wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ayò bá yín sọ ọ́.

Ọpọ́n ayò, ihò 12 ni, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé mọ èyí. Àwọn méjì kan ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, mú irú ayò kan tó sún mọ́ tiwa gan-an, Awari ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ka gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè tò lórí ọpọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó lé ní bílíọ̀nù 889. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ní ẹ̀rọ ìṣirò (processor) 144 lápapọ̀ ni wọ́n so pọ̀ ṣe é ní 2002. Èsì tí wọ́n rí ni pé tí àwọn méjèèjì ò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni. Ẹnjiníà, ohun tó o sọ nìyẹn, ẹ̀rọ lè borí láìronú bíi tèèyàn. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀ta kan, ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, wà ládùúgbò wa, kò mọ̀wé kà, gbogbo wa lọ̀pẹ níwájú ẹ̀. Èèyàn lè kó ọmọ ayò jọ síhò kan títí á fi di odù, ọkùnrin yìí á kàn wò ó fìrí, á ní ọmọ 17 ló wà níbẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án. Mo ṣe nǹkan kan fún un lọ́jọ́ kan. Mo da ọmọ ayò sínú ihò bó ṣe wù mí, irú bí ayò kan ò ṣe lè rí láéláé, mo ní kó wò ó kó sì sọ iye tó wà níbi kọ̀ọ̀kan fún mi. Ó wò ó, ó gbójú kúrò, ó ní "Ta ló ta èyí? Èyí kì í ṣe ayò." Kò lè rántí ihò mẹ́ta nínú ẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni o, ojú kan náà.

Ó pẹ́ kí n tó kà á pé wọ́n ti rí irú ẹ̀ lára àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. William Chase àti Herbert Simon ló ṣe é ní 1973. Tí wọ́n bá to ṣẹ́ẹ̀sì bó ṣe máa ń rí gan-an, ọ̀ta á rántí rẹpẹtẹ, tí wọ́n bá dà á rú, ọ̀ta àti ọ̀pẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀gbẹ́ni Simon yìí wà lára àwọn tó lọ sípàdé Dartmouth l'Amẹ́ríkà ní 1956 tí orúkọ iṣẹ́ yín, ọgbọ́n ẹ̀rọ (AI), ti rinlẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní saikọ́lọ́jì, ó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀bùn Nobel ti ọrọ̀ ajé ni wọ́n dẹ̀ fún un ní 1978. Kò pín ọgbọ́n sí dípátímẹ́ǹtì.

Ní ti katakata, ẹni tó ṣe é béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ o. Katakata tí ò mọ ebè mọ poro, á ro iṣu mọ́ koríko.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò kàwé débẹ̀ yẹn, aṣọ ni mo ń tà, ṣùgbọ́n mo ní ìbejì tó jẹ́ ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ, ohun tí mò ń rí lára wọn ni mo fẹ́ sọ.

Kẹ́hìndé ò tíì lè pe "k". Kò lè pè é rárá. Tó bá ní "ọọ̀", mo mọ̀ pé títì ló ń wò, ọkọ̀ ló rí. Tó bá ní "ọọ́", ọkọ́ bàbá ẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń nawọ́ sí. Ẹ gbọ́ ọ o, "k" ò sí lẹ́nu ẹ̀ ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò ṣì! Bàtà, "àtà" ló ń pè é, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì pé síbẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ò rí ṣe ni ọmọ mi kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́tà tí ẹ̀rọ yín mọ̀ lòun ò tíì mọ̀. Ta ló wá gbé ẹgbẹ̀rún wákàtí sí i létí? Ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbé e lọ, ó ń gbọ́ èmi àti kọ́sítọ́mà tá a jọ ń ná ọjà ni.

Ọmọ_Ajílété

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín nígbà mẹ́rin. Ọọ̀ àti ọọ́!

Olùkọ́_Saikọ́ (Ọ̀yọ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, Edùmàrè á wò wọ́n mà. Saikọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 1996 Jenny Saffran àti àwọn méjì mìíràn mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́jọ, wọ́n fi ìró tí ò nítumọ̀, tí ò sì ní àlàfo láàárín, sí wọn létí fún ìṣẹ́jú méjì péré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì yẹn, ọmọ ti mọ ìró tó máa ń tẹ̀ lé ara wọn, ó ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ ìró tó wà nínú èdè tí wọn ò sọ nílé wọn rárá, tó bá fi máa tó ọmọ ọdún kan, ó ti pa èyí tí ò wúlò tì, ó ti gbájú mọ́ tilé.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. GPT-3, mọ́dẹ́lì tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn, tó jáde ní 2020, nǹkan bíi bílíọ̀nù 300 ègé ọ̀rọ̀ ló kà kó tó gbọ́n tó bó ṣe gbọ́n, àwọn tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ kà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọmọ èèyàn, títí táá fi di ọmọ ọdún 13, ọ̀rọ̀ tó máa gbọ́ ò tó mílíọ̀nù 100. Àwọn olùwádìí kan tiẹ̀ ti ń ṣe ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní BabyLM látọdún 2023, wọ́n ní mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀ péré ni kí oníkálukú fi kọ́ mọ́dẹ́lì ẹ̀, ẹgbẹ́ kejì tiẹ̀ wà tó jẹ́ mílíọ̀nù 10. Ibẹ̀ ni oníkọ̀ǹpútà àti àwa tá à ń wo ọmọdé ti ń pàdé báyìí.

Ẹ tún wo iná. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìsọfúnni kiri (neuron) bíi bílíọ̀nù 86 ló wà nínú ọpọlọ yín (Suzana Herculano-Houzel ará Brazil àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló kà á, 2009), iná tí gbogbo ẹ̀ ń jẹ ò ju nǹkan bíi wáàtì 20 lọ. Fáànù tó ń fẹ́ yín lójú jẹ iná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì H100 kan tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́dẹ́lì lè jẹ wáàtì 700, wọ́n dẹ̀ ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ jọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí kíkan kíkan ni pé Yorùbá ò ní ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Tá a bá ní ká dúró de dátà, irun á hù lórí wa á tún funfun. Bí Kẹ́hìndé ṣe ń fi ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù nìkan di ẹni tó gbọ́ èdè, ìyẹn gan-an ló yẹ ká lọ wò.

Ẹnjiníà_UnderG

Mo gbọ́ yín sà, ẹ ṣeun. Àmọ́ mo ní èsì kan. Ọmọ ò wáyé lófìfo. Ọpọlọ tí wọ́n bí mọ́ ọn ti gba ẹ̀kọ́ láti ayé baba ńlá baba ńlá ẹ̀, ẹ̀yin dẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú méjì nìkan fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ń ríran, ó ń fọwọ́ kan nǹkan, ó ń tọ́ ọ wò, ìyá ẹ̀ ń gbé e pọ̀n. Mọ́dẹ́lì ò ní ẹ̀yìn tí wọ́n máa fi pọ̀n ọ́n. Ṣé ìṣirò yẹn wá bára mu?

Olùkọ́_Saikọ́

Ìbéèrè tó dáa jù lọ látòkè dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Èwo la bí mọ́ni, èwo la kọ́, èwo ló jẹ́ pé nítorí a lọ́wọ́ a lẹ́sẹ̀ ni? Kò sí dípátímẹ́ǹtì kan tó lè dá a dáhùn. O ti bọ́ sínú iṣẹ́ ọ̀hún tán, Ẹnjiníà.

Àyànwálé_Ọ̀yọ́ (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ìjíròrò. Ìdílé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń lu ìyáàlù, èmi náà ń lù ú, mo tún ń ṣe pọ́òsì lọ́sàn-án. Wọ́n ti dárúkọ onílù lókè, ẹ jẹ́ kí onílù náà sọ̀rọ̀.

Ìlù ò ní lẹ́tà. Kò sí "b", kò sí "k", kò sí "a". Òkè, àárín, ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bí ohùn ṣe ń yọ̀ láti ibì kan síbì kan, ìyẹn nìkan la ní. Tí mo bá fún ọsán mọ́ra tí mo wá tú u sílẹ̀, awọ á sọ ìsàlẹ̀. Tí mo bá lu ìsàlẹ̀ kan, òkè kan, kí ni mo sọ? Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́. Ó lè jẹ́ ìlú. Ó lè jẹ́ àpá. Ó lè jẹ́ Ọ̀yọ́ fúnra ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n irọ́ ló ń pa, èmi tí mo lù ú nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Kí la wá ń ṣe? A kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A máa fi oríkì dì í, a máa fi òwe dì í, a máa wo ẹni tó ń wọlé, a máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Tí ẹni tó ń gbọ́ bá ti mọ ibi tí a ti ń bọ̀, ó ti mọ ibi tí a ń lọ, á fi ẹnu ara ẹ̀ fi lẹ́tà sí i. Ẹ ò rí i, ẹ̀rọ ti Ọmọ Ajílété ní lẹ́tà kò ní ohùn, ìlù tèmi ní ohùn kò ní lẹ́tà. Ààbọ̀ ààbọ̀ la gbé dání. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Ohun tó wà nínú ọmọlúàbí yẹn tó fi ń di odindi, òun ni mo rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wádìí ọgbọ́n ń wá, tàwa náà dẹ̀ ti ń bá a ṣòwò látayébáyé.

Ohun kan ṣì kù. Ìlù tó nípọn àti gángan kékeré, òkè ti ọ̀kan lè máà ga tó ìsàlẹ̀ ti ìkejì. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òkè gbọ́dọ̀ ga tó báyìí. Etí á kọ́kọ́ gbọ́ díẹ̀, á mọ ibi tí ìlù yìí dúró sí, kó tó máa pín in.

Ọmọ_Ajílété

Bọ̀ọ̀dá Àyànwálé, orí mi wú sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti bá iṣẹ́ mi wí. Mo ti ń fún ẹ̀rọ ní ìwọ̀n ohùn bó ṣe rí gẹ́ẹ́, bí ohùn ṣe ga tó ní nọ́ńbà, ti ìyá àgbà àti ti awakọ̀ pọ̀ mọ́ra. Ohùn ìsàlẹ̀ obìnrin máa ń ga ju ohùn òkè ọkùnrin mìíràn lọ! Ẹ̀rọ wá dàrú. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí ohùn ẹni yẹn dúró sí, kí n wá wọn òkè àti ìsàlẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ líńgúísítíìkì tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tún fi kún un pé bí gbólóhùn ṣe ń lọ, ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í tún ga tó ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkè tó wà níparí gbólóhùn lè rẹlẹ̀ dé ibi tí àárín wà níbẹ̀rẹ̀. Etí wa ń ṣètò ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọdún 26 ni mo ti ń sọ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà torí ó dùn mí. Mo ń wá "ọjọ́" nínú fáìlì mi lálẹ́ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà ní kò sí, mo dẹ̀ ń fojú ara mi wò ó lórí ìlà kẹta. Wákàtí méjì ni mo fi wá ìdí. Ọ́ tó ní àmì lókè tó tún ní ẹ̀là nísàlẹ̀ ò ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èèyàn kan á kọ́kọ́ tẹ ọ kó tó fi àmì sí i, ẹlòmíì á kọ́kọ́ tẹ ó kó tó fi ẹ̀là sí i, ojú èèyàn ń rí ohun kan náà, ẹ̀rọ ń rí ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra. Ojú wa ń dárí jì wọ́n, ẹ̀rọ ò mọ ìdáríjì. Ẹni tó bá ń kó dátà jọ tí ò mọ èyí, ó ń da gààrí pọ̀ mọ́ yanrìn ni.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ má gbàgbé àwa tá à ń tọ́jú aláìsàn o. Bàbá kan wà tí mo tọ́jú lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ bá a lápá ọ̀tún. Kò lè sọ "omi". Á la ẹnu, á làágùn, omijé á wá sí i lójú, "omi" ò ní jáde. Ọmọ ẹ̀ obìnrin wá dá orin ìyìn kan tí wọ́n máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bàbá gbè é, ọ̀rọ̀ orin ń jáde ketekete lẹ́nu ẹ̀. Gbogbo wa tó wà ní wọ́ọ̀dù dúró sójú kan.

Paul Broca tó jẹ́ dókítà ní Faransé ti rí aláìsàn kan ní 1861 tó jẹ́ pé "tan" nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀, tí wọ́n yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò lẹ́yìn tó kú, apá òsì níwájú ló ti bàjẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ohun tá à ń pè ní ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo nínú orí. Ẹni tó ń kọ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, ó yẹ kó wá wo irú bàbá yìí. Àwọn tí ẹ̀rọ yìí máa ràn lọ́wọ́ jù náà rèé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgbà (Ọ̀yọ́)

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ta ló máa fọwọ́ sí i? Mo gbé irú àbá yìí kalẹ̀ ní yunifásítì kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Dípátímẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní èdè ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, kí n gbé e lọ bá àwọn èdè. Àwọn yẹn ní ìṣirò ti pọ̀ jù, kí n dá a padà síbi tí mo ti gbé e wá. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá mo kọ nǹkan mìíràn tí ò wù mí, mo fi gboyè. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

L'Amẹ́ríkà, ìjọba wọn fún yunifásítì MIT àti Harvard àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é ní mílíọ̀nù 25 dọ́là fún ọdún márùn-ún ní 2013, pé kí wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ọpọlọ, èrò inú àti ẹ̀rọ, kí onísaikọ́lọ́jì, oníkọ̀ǹpútà àti oníṣègùn ọpọlọ jókòó sójú kan. Ní 2018 MIT tún bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá lórí ọgbọ́n èèyàn àti ti ẹ̀rọ pọ̀. Tiwa ńkọ́?

Bàbá_Ọlọ́pọ́n

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n má dúró de mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn Masakhane tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kó ara wọn jọ láti orílẹ̀-èdè káàkiri, Yorùbá wà lára iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ la lè kọ́ ọgbọ́n. Geoffrey Hinton tó gba Nobel ti físíìsì ní 2024 nítorí iṣẹ́ yìí, saikọ́lọ́jì ló fi gboyè àkọ́kọ́ ní Cambridge. Demis Hassabis tó gba ti kẹ́mísírì lọ́dún kan náà, kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ kà, ó tún lọ gba oyè dókítà lórí ọpọlọ kó tó bá àwọn kan dá ilé iṣẹ́ DeepMind sílẹ̀. Ẹ wá sí abẹ́ igi wa. Ọpọ́n ayò wà, bẹ́ǹṣì wà.

Ọmọ_Ajílété

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo lọ s'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

A jókòó sábẹ́ igi tí Bàbá sọ. Bàbá wà níbẹ̀, Olùkọ́ Saikọ́ wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Àyànwálé mú bàbá wọn dání pẹ̀lú ìyáàlù. Ìyá kan tó ń gba ọ̀nà Akẹ́sán kọjá, igbá fínfín lórí ẹ̀, náà yà jókòó. Mo kọ gbólóhùn kan sí bébà láìfi àmì sí i, "Baba ra oko", mo ní kí oníkálukú kà á fún mi bó ṣe rí lójú ẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ara wọn gbọ́. Olùkọ́ kà á sí ọkọ̀. Bọ̀ọ̀dá Àyànwálé náà, ọkọ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tó wá wo ayò, ẹni tó ṣì lè kàwé díẹ̀, kà á sí ọkọ́, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Ọlọ́pọ́n tó ń du ilẹ̀ kan lọ́wọ́ báyìí kà á sí oko. Ohun tí oníkálukú ń bá lò lójoojúmọ́ ló fi dí àlàfo yẹn. Mo gbé e fún mọ́dẹ́lì mi, ó mú ọkọ̀. Inú ìròyìn ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ìròyìn ò kí ń sọ̀rọ̀ ọkọ́.

Mo wá sọ èyí tó wà lọ́kàn mi sí bàbá onílù létí. Wọ́n fún ọsán mọ́ra, wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá onígbá tí ò mọ̀wé, tí ò rí bébà, tó kàn gbọ́ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tá a ti ń sọ, ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní "Ọkọ́ ni! Ó gòkè níparí." Ó dẹ̀ tọ̀nà.

Mo ti gbà á sílẹ̀. Mo fẹ́ ṣe é fún gbólóhùn tó pọ̀, lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò, awakọ̀, kí n wo ibi tí èèyàn ti ń ṣì í àti ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣì í, bóyá ibì kan náà ni. Súpáfáísọ̀ mi ní iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn báyìí.

Ẹnjiníà_UnderG

Mo ṣì ní dátà á tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe o, mi ò tíì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà tó wá láti inú ìròyìn nìkan, tó ń sọ gbogbo ọkọ́ di ọkọ̀, mi ò lè gbè ìyẹn lẹ́yìn. Mo lè bá ẹ kọ kóòdù tí á máa wọn ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ibi tó dúró sí, bí Bọ̀ọ̀dá Àyànwálé ṣe sọ. Ìgbà wo lẹ tún ń lọ?

Àyànwálé_Ọ̀yọ́

Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ dé kí aago mẹ́wàá tó lù, a ní ìkómọ tá a máa lù lọ́sàn-án. Ẹ gba agbára sínú kọ̀ǹpútà yín láti ilé, a ò ní iná láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé

Ṣé mo lè gbé àwọn ìbejì wá? Kẹ́hìndé ṣì ń pe ọọ́.

Olùkọ́_Saikọ́

Ẹ gbé wọn bọ̀ mà, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n a ò ní gba ohùn ọmọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin àti bàbá wọn ti ka ìwé tá a máa fún yín, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá ní ká pa á rẹ́ nígbàkígbà, a máa pa á rẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé

Ẹ fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi. Bàbá wọn ní tóun bá ti oko dé, òun á kà á.